Katakata Tó Lè Kọjá Láàrin Igi Emí

A kírun Àsùbáà tán, a sì jáde kúrò ní Budó Àgbàrà kí ojúmọ́ tó mọ́. Budó ni àwa níhà tiwa ń pe abúlé tí kò ju ìdílé mélòó kan lọ. Tiwa wà nínú igbó, níbi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti ń já sí títì tó lọ sí Ìlọrin. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọlọ́kadà tó wá gbé wa tan iná alùpùpù rẹ̀, ṣùgbọ́n iná náà kò ràn jìnnà, ńṣe ló kàn sọ ọyẹ́ di funfun níwájú wa. Ìyá mi jókòó sí àárín, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo mọ́. Lójú mi, ó dà bí ẹni pé ojú oorun ni a ti ń rìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì jí wa.

Katakata ni a fẹ́ lọ yàn. Oko wa kò tóbi, hẹ́kítà mẹ́ta péré ni bàbá wa fi sílẹ̀ kó tó kú. Àgbàdo, gbágùúdá àti ẹ̀wà là ń gbìn síbẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ sí ìlú, ọkọ́ kò sì rí ẹni gbé e mọ́. Àwọn tí à ń háyà katakata lọ́wọ́ wọn, oko ńláńlá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa kàn wá, òjò àkọ́rọ̀ ti kọjá. Lọ́dún tó kọjá, àgbàdo wa kò tíì ga ju orúnkún lọ tí ọ̀dá fi dé bá a. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi Sálíù, ìyá wa àti èmi pinnu pé kí a ta màlúù, kí a da ohun tí a ní pọ̀, kí a ra tiwa.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Igi emí pọ̀ nínú oko náà, àwọn igi tí obìnrin ilé wa ń ṣa èso wọn láti fi ṣe òrí. Kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣán oko náà ló dá wọn sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní katakata gidi kò lè rí ibi yí láàrin wọn, pé kí a gé wọn. Ó ti bá oníṣọ́ọ̀ kan sọ ọ́, ìyẹn ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gé igi, pé kó wá lọ́jọ́ kejì tí a bá ti dé. Ìyá mi kò jiyàn. Ohun tó sọ kò ju pé òun máa bá mi lọ sí Ìlọrin. A rán an létí pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó ní ṣé ojú nìkan ni wọ́n fi ń yan nǹkan ni. Ní tèmi, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà. Láti kékeré ni mo ti ń rí katakata ńlá kan lójú àlá, aláwọ̀ búlúù, èmi lókè rẹ̀, tí mo ń wo oko nísàlẹ̀ bí ẹni tó wà lórí òkè.

Ní etí títì, a wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ọ̀fà Garage. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ kò sì gba ìdúnàádúrà, ó ní epo ti wọ́n. Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìgbàkígbà tí ọkọ̀ bá dẹwọ́ eré, yóò bi mí pé kí ni mo rí. Mo sọ fún un pé mo rí ṣóńṣó orí mọ́sáláṣí kan, ṣùgbọ́n mi ò rí mọ́sáláṣí náà. Mo sọ fún un pé àwọn màlúù kan ń sọdá, ẹ̀yìn wọn nìkan ló hàn, bí ọkọ̀ ojú omi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Àlàó. Lónìí, ohun kan náà ni èmi àti ẹ̀yin tójú yín dá jọ ń rí."

Nígbà tí a dé Ọ̀fà Garage, oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n ó ṣì funfun bí òṣùpá, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn. Àwọn agbèrò ń pe Àjàṣẹ́, wọ́n ń pe Ọ̀fà, wọ́n ń pe Òmù-Àrán, ohùn wọn ń ti inú ọyẹ́ wá láìsí pé a rí ẹnu tó ń sọ ọ́. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń dín máásà, ìyẹn àkàrà tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe, tó ń ta kókó mọ́ ọn. Kókó náà kò yàtọ̀ sí ògì gbígbóná tí àwa ń mu nílé, àfi pé ata ilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, àti pé inú ọ̀rá ni wọ́n ń dà á sí. Nílé, igbá la fi ń mu tiwa lẹ́bàá ààrò. Ìyá mi kò mọ ibi tí wọ́n ti ń já ọ̀rá náà. Ó kàn gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ń fi yá ọwọ́, títí tí obìnrin náà fi bá a já a tó sì bù ú sínú ife tirẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lé e.

A wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí àdúgbò Challenge. Ìsọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi júwe fún wa wà níbẹ̀, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ti pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Dígí ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ìyá mi bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sáláṣí, nígbà tí atẹ́gùn tútù inú ilé náà sì fẹ́ lù ú, ó fi gèlè bo etí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀, Mùtíù, dọ̀bálẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un, lẹ́yìn náà ló mú mi lọ síbi tí katakata wà.

Òun náà nìyẹn. Búlúù ni, ó ga jù mí lọ, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan kan àgbọ̀n mi. Mùtíù ní kí n gùn ún. Nígbà tí mo jókòó tán, tí mo di ọwọ́ ìdarí mú, mo rí òrùlé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà lódìkejì, mo rí orí àwọn èèyàn tó ń kọjá, kò sì sí ariwo kankan tó ń dé etí mi nítorí dígí náà. Ọkọ̀ ń lọ, èèyàn ń lọ, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo sọ bó ṣe rí fún un, ó ní òun náà ni, kí n má wo ẹ̀yìn mọ́.

Mùtíù ló bi mí nípa oko. Mo sọ bó ṣe tó, mo sọ ti ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí odò, mo sì mẹ́nu kan àwọn igi náà. Ó ní òun kò ní tàn mí jẹ, pé èyí tí mo jókòó lé yìí nílò ààyè gbalasa kó tó lè yí, nítorí náà igi yóò kúrò. Ó ní oníbàárà òun kan ra irú rẹ̀, oko rẹ̀ wà lẹ́yìn àdúgbò Basin, lọ́nà tó lọ síhà yunifásítì. Kí a kọ́kọ́ lọ wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tó bá tẹ́ wa lọ́rùn, kí a padà wá. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àga, ó ti ń wá bàtà rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tán.

Takisí tó gbé wa la Basin kọjá. Àwọn ilé tó wà níbẹ̀ ní géètì, wọ́n sì dákẹ́. Láàárọ̀ yẹn, àfi ẹni tó ń gbá ojúlé la rí. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í ti ilẹ̀kùn títí òru fi máa ń dé. Nígbà tí ilé tán, pápá bẹ̀rẹ̀, a sì bá Bàbá Ráfátù tó ni oko náà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Àgbà ọkùnrin ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Katakata rẹ̀ dúró láàrin oko, búlúù tirẹ̀ ti ṣá díẹ̀. Ó gùn ún, ó fa àwo irin ńlá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba inú ilẹ̀ lọ títí tí ọyẹ́ fi gbé e mì, nígbà tí a tún rí i, ó ń bọ̀ lápá kejì. Ilẹ̀ tó tú gún régé. Mi ò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúró, ẹnu mi là sílẹ̀.

Àsìkò ìrun Àìlà tó. Ìyá mi bèèrè ibòji. Bàbá Ráfátù wò yíká, èmi náà wò yíká. Kò sí igi kan. Ilẹ̀ náà tẹ́ títí lọ bá ọ̀run, pupa lórí pupa, atẹ́gùn ń gbé erùpẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó mú ẹní wá, ó tẹ́ ẹ sínú òjìji katakata, ibi tí èèyàn kan lè dúró sí. Níbẹ̀ ni ìyá mi ti kírun, lẹ́bàá táyà tó ga jù ú lọ. Èmi àti Bàbá Ráfátù kírun tiwa nínú oòrùn.

Lẹ́yìn tí ìyá mi ṣe tèsúbà tirẹ̀ tán, ó bi ọkùnrin náà bóyá igi wà níbí tẹ́lẹ̀.

Ó dáhùn pé, "Wọ́n wà, Ìyá. Emí ni gbogbo rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n gé wọn."

Ó ní katakata náà kò ṣẹ òun. Iṣẹ́ tí ọwọ́ mẹ́wàá ń ṣe lọ́sẹ̀ kan, ó ń ṣe é tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Ṣùgbọ́n oko òun kéré fún un, nítorí náà oko olóko ni òun ń fi ṣe kiri kí òun tó lè rí epo rà sí i, oko tòun ló máa ń kẹ́yìn. Ìyàwó òun tó ń fún òrí tẹ́lẹ̀, ọjà ló ti ń ra òrí báyìí. Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó kọ́kọ́ mi orí.

"Mi ò ní sọ pé kí o má rà á. Ẹni tó ní ilẹ̀ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbin emí méjì sẹ́yìn ilé lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n ní ó di ogún ọdún kí wọ́n tó so. Mo ti ṣírò ọjọ́ orí mi."

Ó sọ fún wa pé obìnrin kan wà nítòsí Ọ̀fà Garage tó ń ta àwọn kéékèèké, tòkúnbọ̀, tí wọ́n ti lò lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Nínú takisí, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Inú mi bàjẹ́. Kì í ṣe pé mi ò tíì mọ ohun tó yẹ. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo ti rí ìyá mi lórí ẹní yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ti ń lá lálàá láti kékeré kì í fi í sílẹ̀ láìdùn ún. Mo ń wo ọyẹ́ láti fèrèsé, mo sì ń rí búlúù náà níbẹ̀, tó ń lọ, tó ń rẹlẹ̀.

Àlájà lorúkọ tí gbogbo èèyàn ń pe obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ló dá òwò náà sílẹ̀, òun ló sì ń bójú tó o báyìí. Nínú ọgbà rẹ̀, àwọn katakata kéékèèké tò bí ọmọ ilé-kéú tó ń dúró de ààfáà, pupa, ọsàn, àwọ̀ ewé. Kò kọ́kọ́ sọ iye ọjà. Ó bi mí bóyá ilẹ̀ wa le, bóyá òkúta wà níbẹ̀, àti ta ló máa wà á. Ó fi èyí tó ní táyà méjì hàn mí, tí èèyàn ń di ọwọ́ rẹ̀ mú tí á sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Owó rẹ̀ rọjú. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú ọgbà, ó sì ń fà mí kiri bí àgbò. Mo ro ti ilẹ̀ wa tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, mo ro ti ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń dùn ún, mo mọ̀ pé kò ní bá wa kalẹ́.

Ọ̀kan tó ní táyà mẹ́rin ló kù, aláwọ̀ ọsàn, kò ga ju àyà mi lọ. Àlájà ní kí n fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí wọ́n tó tan án, kí n mọ̀ pé tútù ló wà, pé kì í ṣe pé wọ́n ti mú un gbóná dè mí. Wọ́n tan án, ó sì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Jímọ̀ọ́, awakọ̀ rẹ̀, fi hàn mí bí irin ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè tó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n ní Ìlọrin. Ìyá mi sún mọ́ ọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ táyà rẹ̀, ó tọ́ ìjókòó, ó tọ́ iwájú tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, bí ẹni tó ń wo ara ọmọ bóyá ibà ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ó rìn lọ sí àárín ọgbà níbi tí kò sí nǹkan kan, ó dúró. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́.

Ó ní, "Èmi ni emí. Yí mi ká."

Àlájà wo ojú mi. Jímọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí n gùn ún. Mo wà á lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, mo sì rọra yí i ká. Kò mira. Ó di ojú. Atẹ́gùn ń gbé etí gèlè rẹ̀, eruku ń dìde sí i lẹ́sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó nà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká mi bí mo ṣe ń kọjá. Ó ní kí n tún un ṣe, kí n sún mọ́ ọn sí i. Mo tún un ṣe. Nígbà tí mo fi máa yí i ká lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rù kò bà mí mọ́, mi ò sì rántí katakata kankan mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó wà lábẹ́ mi. Àwọn èèyàn ti dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n ń wò wá, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ó kọjá lára mi, kò sì fọwọ́ kàn mí. Ó tó."

A parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú Àlájà. Ó fi ohun ìtúlẹ̀ kún un, ó sì so tírélà kékeré kan mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ní kí Jímọ̀ọ́ bá wa dé ilé kó lè kọ́ mi lójú ọ̀nà. A tẹ́ ẹní sínú tírélà, ìyá mi dùbúlẹ̀ lé e.

Ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì sáré gbà láàárọ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ la fi rìn ín padà. Ọkọ̀ ń kọjá wa, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé wa, wọ́n sì máa ń ṣíwájú wa tó bá wù wọ́n. Ohun tí mi ò rí láàárọ̀, mo rí i: mọ́sáláṣí tó ní ṣóńṣó yẹn, ọmọ Fúlàní tó ru wàrà sórí, ilé amọ̀ kan tí ewé elégédé ti gbẹ sórí rẹ̀. A dúró kírun Alaasari lẹ́bàá odò kan. Nígbà tó yá, Jímọ̀ọ́ gbé ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́. Mi ò lè wẹ̀yìn púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ìyá mi tó ń sọ̀rọ̀ nínú tírélà, mi ò mọ̀ bóyá ó jí tàbí ó ń sùn. Ó ń dárúkọ àwọn obìnrin tó bá nílé ọkọ nígbà tó ṣe ìyàwó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, àti igi tí oníkálukú ń ṣa èso ìdí rẹ̀. Mi ò mọ̀ rí pé igi kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a wọ Budó Àgbàrà. Ẹ̀gbọ́n mi Sálíù ń dúró lójúde. Ó wo katakata náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé èyí tó tóbi ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó bọ́ sórí ìjókòó, Jímọ̀ọ́ fi ibi tí ó máa tẹ̀ hàn án, ó sì wà á lọ tààrà sínú oko.

A dúró, àwa àti àwọn obìnrin ilé. A ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà tó ń lọ, tó ń padà, tó ń yí, nígbà mìíràn á jìnnà débi pé a ó rò pé ó ti kú. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú nǹkan báyìí, ohun tí mo lè sọ fún un látinú ìrìn àjò yìí kò pọ̀: kó má lọ pẹ̀lú ohun tó wù ú nìkan, kó gbé oko rẹ̀ dání lọ. Ìyá mi gbé tirẹ̀ dání lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi padà dé bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Mọ́gàríbì. Òdòdó emí ti já lu fìlà rẹ̀ àti iwájú katakata náà, funfun, wọ́n ń ta sánsán bí oyin, kòkòrò oyin méjì kan sì ń tẹ̀ lé e. Ó pa ẹ́ńjìnnì náà. Ó fa fóònù yọ, ó sọ fún oníṣọ́ọ̀ náà pé kó má ṣe ìyọnu wá mọ́.

Ìyá mi ṣì wà nínú tírélà tí a ti tú sílẹ̀ lójúde. Ó ti sùn lọ fọnfọn. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ agbádá rẹ̀, ó rọra fi bò ó, a sì jọ lọ ṣe àlùwàlá.